Ọjọ́ Ìkẹyìn Kò Gbọdọ̀ Bá Ọmọ Lójijì

Ìtọ́jú ọmọ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kì í sábà parí lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni dá. Ìyá àgbà tó ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn rí i pé oorun rẹ̀ ti dára, kò lọgun lóru mọ́, ó sì ti ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Àpọ́íńtìmẹ́ǹtì tó kàn bọ́ sí ọjọ́ tí ọjà yá ní Ọjà'ba, owó ọkọ̀ Máíkírà láti Bẹẹrẹ sì tún ti lé sí i. Wọ́n ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Káàdì ilé ìwòsàn wọ inú ọ̀rá tí wọ́n ń kó rìsíìtì àti ìwé iná sí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọn kò sọ fún pé ó ti bùṣe ni ọmọ náà.

Ìgbà mìíràn, ilé ìwòsàn ló ń kọ́kọ́ lọ. Dókítà tí ọmọ ti mọ ojú rẹ̀ parí oṣù tó yẹ kó lò ní ẹ̀ka náà, wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Tàbí físà rẹ̀ jáde, ó bá tirẹ̀ lọ sí ìlú ọba. Ọmọ dé, ó bá ojú àjèjì lórí àga. Wọ́n ní kó tún ìtàn rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sọ ọ́ mọ́.

Ìtọ́jú tí à ń wí yìí kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ tàbí òògùn oníhóró. Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ni, èyí tí àwọn dókítà ọpọlọ, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àwọn nọ́ọ̀sì àti káńsẹ́lọ̀ ilé ìwé máa ń ṣe fún ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìbànújẹ́ ti gbé dè, tó ń jà káàkiri kíláàsì, tàbí tí ojú rẹ̀ ti rí ohun tí ojú ọmọdé kò yẹ kó rí. Ọmọ kékeré kì í jókòó rò ó bí ẹni ń rojọ́. Ó máa ń ya àwòrán, ó máa ń fi ọmọláńgidi ṣeré, ó máa ń fi amọ̀ mọ ilé kó tún wó o. Inú eré yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wo àgbà tó wà níwájú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tó sì ti rí i pé kò ní í bínú, kò ní í rẹ́rìn-ín, kò sì ní í lọ sọ ọ́ kiri àdúgbò.

Ẹ wá wo irú ọmọ tó ń dé ibẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni ẹnì kan ti fi sílẹ̀ rí: bàbá tó jáde tí kò wọlé mọ́, ìyá tó kú lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó lọ sí Èkó tí wọn kò gbúròó rẹ̀. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, olùtọ́jú tó pòórá láìdágbére ti di ẹnì kan sí i tó lọ. Ọmọ kò sì mọ nǹkan kan nípa owó ọkọ̀ tàbí ìwé ìṣípòpadà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí yóò máa bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni mo ṣe tí wọn ò fẹ́ rí mi mọ́?

Ní 1952, James Robertson, tó ń bá dókítà John Bowlby ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé fíìmù kan jáde nípa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 2 tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ 8. Laura ni wọ́n pè é. Lásìkò yẹn, ilé ìwòsàn ìlú Gẹ̀ẹ́sì kì í gbà kí ìyá sùn ti ọmọ. Wọn á wá wò ó, wọn á sì máa lọ. Laura kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Ó ń pa ẹkún mọ́ra, àmọ́ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ọkàn rẹ̀ ń jìnnà sí ìyá tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Inú bí ọ̀pọ̀ dókítà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wo fíìmù náà, wọ́n ní Robertson ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ọdún 7 lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ dábàá pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ọmọdé fún òbí. Ní ti ọ̀rọ̀ ìyá sísùn ti ọmọ, àwọn ìyá wa tó ń ká ẹní dání lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu kò nílò fíìmù kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ kejì inú rẹ̀ ni a kò tíì mú lò tó: ìyapa tí ọmọ kò rí àlàyé fún a máa ṣe é léṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ire ni àgbà fi ṣe é.

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú tí a ti lè wí pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí. Láti 1957 ni ilé ìwòsàn UCH ti ṣílẹ̀kùn. Ní 2011 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omígbódùn ṣáájú ìdásílẹ̀ ibùdó ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń pè ní CCAMH, ìyẹn nígbà tó wà nípò ààrẹ IACAPAP, ẹgbẹ́ àgbáyé fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé. Ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ni. Láti 2013 ni ibùdó ọ̀hún ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí dé oyè másítàsì, tí àwọn mìíràn sì ń ti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn wá. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Màpó, tó gba Bẹẹrẹ àti Yemẹtu, tó bọ́ sí Total Garden, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú UCH.

Ìwádìí méjì tó jáde ní 2016 láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ yẹ fún àfiyèsí. Nínú ti àkọ́kọ́, Dókítà Tolulope Bella-Awusah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé girama méjì, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ 40 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 14 sí 17, tí ìdààmú ọkàn ti wọ̀ lára. Àwọn kan gba ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́gbẹẹgbẹ́, ìjókòó 5 péré. Àwọn yòókù ń dúró de tiwọn. Ìdààmú àwọn tó jókòó náà dínkù, àwọn olùwádìí sì tún padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16. Nínú ìkejì, Dókítà Jibril Abdulmalik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó máa ń jà ní bí èèyàn ṣe ń yanjú ọ̀ràn láìlu ẹnikẹ́ni. Ìjókòó 6 ni, láàárín ọ̀sẹ̀ 3.

Àwọn onímọ̀ máa ń ka irú ìwádìí báyìí láti mọ̀ bóyá òògùn jẹ́. Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí òbí lè rí. Iye ìjókòó ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, nítorí náà, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ náà ni a ti mọ ọjọ́ tí yóò parí. Ọmọ lè fi ìka kà á. Bí wọ́n bá sì sọ pé àwọn yóò padà wá wò ó, ọmọ mọ̀ pé dídé ọjọ́ ìkẹyìn kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbàgbé òun.

Ká mú ọmọ kan tí a fi ọkàn rò, ọmọ ọdún 10 ní Bẹ́yẹrúnkà, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Bàbá rẹ̀ kú lójijì, láti ìgbà náà ni kò ti lè dá sùn, tó sì ń jà níléèwé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùtọ́jú sọ fún un pé ìgbà 10 ni àwọn yóò ríra. Àwọn méjèèjì fi rúlà ya àpótí kéékèèké 10 sórí ìwé, ọmọ ń kun ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìjókòó bá ti parí: ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Nígbà tó ku àpótí 3, ó mú bírò dúdú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí tó kàn títí ìwé fi ya.

"Àǹtí, ṣé ọmọ míì lẹ fẹ́ máa rí ni?"

"Mo máa rí àwọn ọmọ míì. Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá, mà."

"Tó bá dùn ọ́, kò burú. Èmi náà á máa rántí ẹ."

Ọmọ wo ibi tí ìwé ti ya. "Ṣé torí pé mo jà ní skúù lọ́jọ́sí ni?"

"Kì í ṣe torí ìyẹn o. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wá la jọ ya àpótí 10, àbí? O ò tíì jà nígbà yẹn."

Ọmọ ronú sí i. Ó tún àwọn àpótí náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fún òun ní sẹ́lótéèpù kí òun fi lẹ ìwé náà.

Ìdí tí ìwé yẹn fi ṣe pàtàkì nìyí. Ẹ̀rí ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lè má tó láti mú kí ọmọ tí wọ́n ti já sílẹ̀ rí gbà pé kì í ṣe ìwà òun ló lé àgbà lọ. Àmọ́ àpótí 10 tí òun fúnra rẹ̀ fi rúlà fà ti wà kí ẹ̀ṣẹ̀ kankan tó ṣẹ̀.

Ìjókòó bíi mélòó kan tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ka ohun tó ti yí padà. Kí ni o máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ bí ẹ̀rù bá dé lóru? Kí lo ń ṣe báyìí? Ta ni o lè jí? Ọmọ á dáhùn, olùtọ́jú á kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ ṣe sọ ọ́, láìtún gírámà rẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọ́n á pe ìyá àgbà wọlé, ọmọ ni yóò sì ka ìwé náà fún un: bí ó bá jí lóru, òun yóò mí símú kí òun rọra mí jáde, òun yóò ka igi àjà, bí kò bá lọ, òun yóò fọwọ́ kan ìyá àgbà. Ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà dáhùn pé, "Kí o kọ́ èmi náà o, oorun tèmi kì í tètè wá." Ní ìṣẹ́jú yẹn, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ olùtọ́jú bọ́ sọ́wọ́ ilé.

Ohun kan wà tó máa ń dẹ́rù ba òbí, ó sì máa ń dẹ́rù ba olùtọ́jú tuntun pẹ̀lú. Bí òpin bá ti ń sún mọ́, ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé lè tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti ń ṣe jẹ́jẹ́ á tún na ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Ilé á ní ìtọ́jú ò ṣiṣẹ́, owó ti bá omi lọ. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà tí ọmọ fi ń sọ pé òun kò fẹ́ kí ìpàdé náà tán ni. Bí wọ́n bá torí ìyẹn sún ọjọ́ síwájú láìronú, ọmọ ti kọ́ pé àìsàn ló ń mú kí àgbà dúró. Bí wọ́n bá sì lé e lọ lọ́jọ́ tó pé láìsọ nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ tún gbọgbẹ́. Kí wọ́n sọ ọ́ jáde ló dára jù: "Ó jọ pé inú ń bí ẹ pé a fẹ́ parí." Bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde báyìí, ara ọmọ máa ń balẹ̀.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ máa rántí ẹni tó tọ́jú rẹ̀? Sigmund Freud tẹ ìtàn ọmọkùnrin kan jáde ní 1909, ọmọ ọdún 5 tí ẹ̀rù ẹṣin ń bà débi pé kò fẹ́ jáde sí títì. Hans ni Freud pè é. Bàbá ọmọ náà ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀hún, Freud ń tọ́ ọ sọ́nà. Ní 1922, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan wọlé tọ Freud, ó ní òun ni Hans kékeré. Ara rẹ̀ le, ó ń ṣe dáadáa. Ó ti ka ìtàn ara rẹ̀ nínú ìwé, kò sì rántí nǹkan kan nínú rẹ̀. Herbert Graf lorúkọ rẹ̀ gan-an, ó sì padà di olùdarí opẹra tí ayé mọ̀. Kò burú rárá bí ọmọ bá gbàgbé. Bí ọmọ bá lè jáde sí títì, tí kò sì rántí ẹni tó mú un jáde, iṣẹ́ náà pé.

Donald Winnicott, dókítà ọmọdé tó jẹ́ ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tọ́jú ọmọbìnrin kékeré kan láti 1964 sí 1966. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún 3 nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ìgbà 16 péré ni wọ́n ríra láàárín ọdún bíi méjì àti ààbọ̀, nítorí ìgbà tí ọmọ bá béèrè fún un ni wọ́n ń mú un wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀nà yẹn yàtọ̀ pátápátá sí ìjókòó 5 ti ilé ìwé Ìbàdàn, síbẹ̀ wọ́n jọra níbi kan: ọmọ ní ìmọ̀ nípa àtiwá àti àtilọ rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ òpin ìtọ́jú kò tíì gbọ́ nípa iṣẹ́ Raymond Prince. Dókítà ọpọlọ láti Kánádà ni. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, l'Abẹ́òkúta, ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó sì tún padà wá sí Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 láti wo bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń tọ́jú wèrè. Ní 1963, òun àti Frank Speed ṣe fíìmù kan lórí rẹ̀, "Wèrè Ni" ni wọ́n pè é. Prince ṣàkọsílẹ̀ ètò tí wọ́n máa ń ṣe bí aláìsàn bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ oníṣègùn lọ sílé. Wọ́n á mú un lọ sódò nínú aṣọ tó fi ṣàìsàn. Wọ́n á fi ẹyẹlé rúbọ, wọ́n á wẹ aláìsàn, wọ́n á bọ́ aṣọ náà kúrò lára rẹ̀, odò á gbé e lọ. Aṣọ tuntun ni yóò wọ̀ padà wálé, lójú àwọn ẹbí rẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé oníṣègùn ló yẹ ká gbé gẹ̀gẹ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn níbẹ̀, wọ́n sì ń nà wọ́n. Ìyẹn kò ní àwíjàre, fún ọmọdé pàápàá. Síbẹ̀, ní 2020 ni ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ṣáájú jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet, pé nígbà tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, àwọn aláìsàn rí ìrọ̀rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti ìdágbére náà, ilé ìwòsàn ìgbàlódé lè kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn wọ̀nyí. Aláìsàn mọ ọjọ́ tó parí. Ẹbí mọ̀ ọ́n. Ohun kan tí a lè fojú rí ló yà á sọ́tọ̀.

Àwọn télọ̀ àti onídìrí tó wà láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba mọ irú ẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá wọlé ni wọ́n ti ń kọ ọdún tí yóò lò sínú ìwé. Bó bá pé, wọ́n á ṣe fíríìdọ́ọ̀mù: ọ̀gá á ṣàdúrà, á kó irin iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ẹbí á se ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò. Kò sí ọmọṣẹ́ tó ń jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kó bá ṣọ́ọ̀bù ní títì kó máa wá ọ̀gá rẹ̀ kiri. Ọmọ tó sọ àṣírí ikú bàbá rẹ̀ fún àgbà kan kò yẹ kó rí ìtọ́jú tó kéré sí ìyẹn.

Kristẹni kò ní í pa ẹyẹlé, Mùsùlùmí kò ní í pa á, kò sì pọn dandan. Ohun tí a lè fi lé ọmọ lọ́wọ́ pọ̀: ìwé tó ní àpótí 10, lẹ́tà kúkurú tí olùtọ́jú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àwòrán àkọ́kọ́ àti àwòrán ìkẹyìn tí ọmọ yà, kó lè rí ìyàtọ̀. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti fi irú èyí hàn ayé rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá klíníìkì ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ṣe káàdì tí wọ́n fi ń sàmì sí bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i, ó sì kó káàdì náà lé ìyá lọ́wọ́ dípò kó wà nínú fáìlì ilé ìwòsàn. Ìyá ń tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá nílé, ibi yòówù tó bá lọ, ìtàn ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá lè ṣe é fún ìwọ̀n ara, a lè ṣe é fún ọkàn.

Ta wá ni yóò gba ọmọ náà lọ́wọ́ olùtọ́jú? Ní 1954 ni Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, l'Abẹ́òkúta. Kò kó gbogbo aláìsàn rọ sí wọ́ọ̀dù. Ó bá àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká sọ ọ́, wọ́n gba aláìsàn sílé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, ó kéré tán, tó ń dáná fún un, tó sì ń bá a rìn lọ gba ìtọ́jú. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí aláìsàn bá ń lọ sílé, ìbátan rẹ̀ ti mọ ohun tí nọ́ọ̀sì mọ̀. Lámbò padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ó sì di gíwá Yunifásítì náà ní 1968. Agboolé Ìbàdàn ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀: ìyá àgbà, àbúrò bàbá, ìyàwó ilé tí ọmọ fẹ́ràn, tíṣà rẹ̀.

Àmọ́ agboolé tún ní ojú tó pọ̀. Láti Bẹ́yẹrúnkà dé ẹ̀yìn Màpó, ògiri kan náà ni ilé méjì ń lò nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n sọ ní yàrá yìí dé kọ̀rọ̀ tọ̀hún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ ọdún 10 lè fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ pé òun ti yege. Ọmọ ọdún 16 kò ní í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé òun lọ rí dókítà ọpọlọ, nítorí ó mọ orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sọ ọ́. Òun ló yẹ kó yan ẹni tí wọn yóò sọ fún àti ohun tí wọn yóò sọ. Ìdágbére ti ọ̀dọ́langba lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 20, nọ́ńbà fóònù tó lè pè bí nǹkan bá tún yíwọ́, àti ìdánilójú pé bí ó bá padà wá, ẹnikẹ́ni kò ní í kà á sí ẹni tó kùnà. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn kì í sì í dúró de ọjọ́ ìkẹyìn. Wọ́n á kọ́kọ́ sá, kí wọ́n má baà fi wọ́n sílẹ̀. Ìpè kan tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ kan látọ̀dọ̀ olùtọ́jú, tí kò ní ìbáwí nínú, tó fún un láyè láti wá dágbére, yẹ kó tẹ̀ lé e.

Ní Sìmbábúwè, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ klíníìkì, kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ìrònú ti dà láàmú. 2006 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìjókòó bíi 6 ni wọ́n ń ṣe, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń mú ẹni náà wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì rí, tí wọ́n jọ ń fi ọ̀rá àlòkù hun báàgì bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ṣùgbọ́n ètò náà bá ọmọ mu: bí yàrá kan bá tì, kí òmíràn ti ṣí sílẹ̀.

Ìṣòro tó kù ni ti òpin tí olùtọ́jú kò lágbára lé lórí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 2021, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba Nàìjíríà dáṣẹ́ sílẹ̀, ó di ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró. Ẹ̀bi ta ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibí. Ọmọ tó yẹ kó wá lọ́sẹ̀ yẹn kò mọ ohun tí ìyanṣẹ́lódì ń jẹ́. Ilé ẹjọ́ pẹ̀lú lè paṣẹ lójijì pé kí wọ́n dá ọmọ tó wà ní rimáǹdì hòómù padà sọ́dọ̀ òbí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ìtọ́jú ló wà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 2006, òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 sì ti rọ́pò òfin ayé àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin kì í dágbére fún ọmọ. Ẹnì kan ni yóò ṣe é: òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, nọ́ọ̀sì, tàbí dókítà tó mọ̀ pé oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn.

Àwọn ọmọ kan sì wà tí ìtọ́jú wọn kò ní í parí. Ọmọ tó ní wárápá tàbí ọ́tísíìmù yóò máa lọ sí klíníìkì títí dàgbà. Ìdágbére tiwọn ni ti ọjọ́ tí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ dókítà ọmọdé bọ́ sọ́dọ̀ dókítà àgbà, láàárín àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ wọ́n. Kí dókítà àtijọ́ mú un lọ bá ti tuntun, kí àwọn mẹ́ta jọ jókòó lẹ́ẹ̀kan, kò gba owó púpọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ibí yìí kò pọ̀. Ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti káńsẹ́lọ̀, ẹ kọ iye ìjókòó sára káàdì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ka èyí tó kù sí ọmọ létí, bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé yín kúrò, kí ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu gétímáànù. Ẹ̀yin hẹ́dímáàsítà, bí káńsẹ́lọ̀ yín bá ń lọ, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó fi dágbére fún àwọn ọmọ tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí àti ìyá àgbà, a mọ̀ pé ọkọ̀ ti wọ́n, a sì mọ̀ pé ọjà kì í dúró. Bí ẹ bá ti pinnu pé ó tó báyìí, ẹ má ṣe jáwọ́ nílé. Ẹ mú ọmọ padà lọ lẹ́ẹ̀kan péré, kó lọ sọ pé ó ti parí. Bí owó ọkọ̀ ìgbà kan yẹn kò bá sí, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára káàdì, kí ẹ sì gbé fóònù fún ọmọ náà.